Kì í ṣe òmìnira ló jẹ owó Màmá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹnìkan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó jáde kúrò lábẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba àpapọ̀ tí Moscow ń darí, ní 1991 kì bá tí jìyà bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́ sáyè wọn. Ukraine ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní òmìnira ló sọ wọ́n di tálákà. Ǹ bá má dá sí i, nítorí àwọn ọmọ mi ń sọ pé bàbá tó ń bá ìwé ìròyìn jiyàn kò níṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ìṣojú mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kharkiv, ní Ukraine, ni mo ti kàwé, láti 1989 títí di 1995. Àsíá pupa ni mo bá lókè nígbà tí mo débẹ̀, aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò ni mo fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1991, wọ́n bi àwọn ará Ukraine léèrè bóyá wọ́n fẹ́ dá dúró. Ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní Crimea pàápàá, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà pọ̀ sí jù, àwọn tó gbà ju àwọn tó kọ̀ lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dìbò yan Leonid Kravchuk sípò ààrẹ. Ta sì ni Kravchuk? Ọ̀gá nínú Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣèjọba láyé Sófíẹ́ẹ̀tì ni, òun ló ti ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti ìpolongo ẹgbẹ́ náà ní Ukraine. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín dúró sí díẹ̀. Àsíá ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò pààrọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà lórí àga ní 1990 náà ló ṣì wà níbẹ̀ ní 1993. Bí owó bá tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n á gba Kyiv, olú ìlú wọn, lọ, wọ́n á lọ sunkún, ìjọba á sì ní kí báńkì àpapọ̀ yá wọn. Kí ni báńkì fẹ́ fi yá wọn? Ó ń tẹ owó ni.

Owó ọ̀hún alára, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1992, rúbù ni wọ́n ṣì ń ná, Moscow ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í sì í dé Kyiv tó. Wọ́n bá gbé kúpọ́ọ̀nù jáde pé kí wọ́n máa fi rajà títí owó gidi á fi dé. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ẹyọ kan ṣì wà nínú Bíbélì mi di òní. Àwòrán obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lybid ló wà lára rẹ̀; ìtàn wọn ní òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta ló tẹ ìlú Kyiv dó. Owó tí wọ́n ní kò ní í pẹ́ yìí lò ju ọdún mẹ́rin lọ. Ní 1993, iye ọjà gòkè ju 10,000 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí ẹ rà ní ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó san ju ẹgbàárùn-ún lọ lórí rẹ̀ kí ọdún tó parí. Nígbà tí wọ́n wá gbé hryvnia, owó gidi ọ̀hún, jáde ní oṣù kẹsàn-án 1996, 100,000 owó àtijọ́ ni èèyàn ń kó kalẹ̀ kó tó gba hryvnia kan ṣoṣo.

Màmá kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbúṣkà la máa ń pè é, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn. Nígbà míì, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí i, kìkì kí n lè pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà òtútù 1993, ó yọ ìwé báńkì rẹ̀ hàn mí, ìwé pélébé aláwọ̀ eérú, ó fi ìka tọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn: ẹgbẹ̀ẹ́dógún rúbù. Owó ìsìnkú rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń fi irú rẹ̀ pamọ́ kí òkú wọn má baà di gbèsè sí ọmọ lọ́rùn. Láyé Sófíẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gba igba rúbù lóṣù kò tọrọ jẹ, nítorí náà owó Màmá á ra pósí, á gbẹ́ ilẹ̀, á bọ́ àwọn tó bá wá, á sì tún ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ tó ń fi hàn mí yìí, kò ju owó búrẹ́dì lọ. Ó pa ìwé náà dé, ó ní kí n jókòó mu tíì.

Àwọn olùkọ́ wa ńkọ́? Oṣù ń gorí oṣù, owó wọn kì í wọlé. Kharkiv jẹ́ ìlú táǹkì ogun àti katakata, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣe wọ́n sì bọ́ sí ọjà. Wọ́n ń fa ọmọlanke onítáyà méjì, wọ́n ń bá a wọkọ̀ lọ sí Poland àti Turkey lọ kó ọjà. "Kravchuchka" ni wọ́n sọ ọmọlanke yẹn, orúkọ ààrẹ wọn ni wọ́n fi ń bú u! Báàgì tí wọ́n sì ń dì lé e lórí, Ghana Must Go wa yìí náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi nípa ooru àti ẹ̀rọ, ìbọ̀sẹ̀ ni mo bá a tó ń tà lọ́jọ́ kan. Ojú tì mí, ojú ò ti òun. Mo ra méjì.

Òǹkọ̀wé yín ò dárúkọ Estonia, tí òun náà jáde kúrò lábẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì, rárá, bóyá torí pé kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Oṣù kan náà, oṣù kẹjọ 1991, ni òun àti Ukraine kéde òmìnira. Rúbù kan náà ni wọ́n ń ná. Ìyà jẹ Estonia náà, n kò ní purọ́. Owó tí àwọn àgbà tiwọn fi pamọ́ ti jẹrà kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ṣùgbọ́n ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà 1992, wọ́n gbé owó tiwọn, kroon, jáde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú 1,500 rúbù wá, rúbù mẹ́wàá sí kroon kan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ náà. (Àwa tí a sùn síwájú báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nítorí naira tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Wọ́n so kroon mẹ́jọ mọ́ máàkì kan ti Jámánì, òfin sì ní báńkì ò gbọdọ̀ tẹ owó tí kò ní góòlù tàbí owó òkèèrè tó dúró fún un. Lára góòlù ọ̀hún ni èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ sókè òkun kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, tí wọ́n sì gbà padà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Mart Laar di olórí ìjọba, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó bá lọ sunkún lọ́dọ̀ wọn, òfo ló ń gbé bọ̀. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ kógbá wọlé. Síbẹ̀ kroon mẹ́jọ sí máàkì kan yẹn kò yẹ̀ títí wọ́n fi gba yúrò ní 2011.

Mi ò ní Estonia ò lẹ́bi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń gbébẹ̀ tó jí lọ́jọ́ kan tí wọn ò jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan mọ́, torí pé ẹ̀yìn 1940, ọdún tí Sófíẹ́ẹ̀tì gba Estonia, ni àwọn tàbí òbí wọn dé. Àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí burú lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ mú ní Ukraine. Ní 2004, wọ́n ta Kryvorizhstal, ilé iṣẹ́ irin ńlá ti ìjọba, ní bíi 800 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn méjì ló rà á, Rinat Akhmetov àti Viktor Pinchuk, Pinchuk yìí sì ni ọkọ ọmọ Leonid Kuchma tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba ti yí padà, wọ́n fagi lé títà náà, wọ́n wá tún un tà níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé 800 mílíọ̀nù dọ́là ni Mittal Steel san. Ìlọ́po mẹ́fà! Ṣé òmìnira ló fẹ́ gbé èyí tó kù mì?

Òmìnira ló jẹ́ kí wọ́n rí i gbà padà. Òun náà ló jẹ́ kí àwọn awakùsà Donbas, ní ìlà oòrùn Ukraine, da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1993 tí ìbò ààrẹ fi yá ju bó ṣe yẹ lọ, tí Kravchuk sì fìdí rẹmi ní 1994, tó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Mo bi Màmá lọ́dún yẹn bóyá ó kábàámọ̀ ìbò tó dì ní 1991. Ó wò mí bí ẹni pé ọtí ń pa mí. Ó ní ṣé òun dìbò pé kí wọ́n jẹ owó òun ni?

Ní 2008, ìjọba Yulia Tymoshenko, olórí ìjọba Ukraine nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í san 1,000 hryvnia, bí igba dọ́là nígbà náà, fún àwọn tí owó wọn há sí báńkì Sófíẹ́ẹ̀tì. Àwọn arúgbó tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀rẹ́ tí a jọ kàwé, tó fẹ́ aya síbẹ̀, ló kọ̀wé sí mi. Màmá ti kú ní bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló dáwó sin ín.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ Kharkiv àtijọ́,
Òṣogbo.