Ìwé tí a ó kà tẹ̀ lé èyí

Ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìmúra ìpàdé. Kí oníkálukú jọ̀wọ́ mú orúkọ ìwé ìtàn-àròsọ sáyẹ́ǹsì kan tó fẹ́ràn wá ní Sátidé.

Rosewater tí Tade Thompson kọ ni tèmi. Nàìjíríà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2066. Ohun àjèjì kan wá láti òde ayé, ó sì fi òrùlé rìbìtì ńlá bo ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé náà máa ń ṣí, tí àwọn aláìsàn á rọ́ wá síbẹ̀ kí ara wọn lè yá. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ọ̀hún kì í bọ́ sí i fún gbogbo ènìyàn: ara ẹlòmíràn á tún ara rẹ̀ tò lódìlódì, òkú pàápàá á dìde, láìsí ọkàn nínú. Ibẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbé ìwé náà sílẹ̀! Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke, tí wọ́n máa ń fún ìwé ìtàn-àròsọ sáyẹ́ǹsì, ní 2019. Ìtàn náà ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín ọdún, nítorí náà ẹ máa wo ọdún tó wà lókè orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kúrú, kó ka Binti ti Nnedi Okorafor.

Kindred ti Octavia Butler náà wà, ti ọdún 1979. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ń ṣàdédé bá ara rẹ̀ láyé oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan lè ní kò sí sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Èmi ò ní yọ ọ́ kúrò.

Ẹni tó bá ní ẹ̀dà, kó jẹ́ kí akọ̀wé mọ̀, ká lè máa yá ara wa.