Ohun tí ó fara pamọ́ sínú Z80

Arákálẹ̀,
Àkúrẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lérò pé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ wà. O bèèrè ohun tí mò ń wá nínú àwọn chip àtijọ́ tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn atúnrédíòṣe, nígbà tí ìwé tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ wọn kò wọ́n. Z80, chip tí ó jẹ́ ọpọlọ àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ni n ó fi dá ọ lóhùn, nítorí pé ìwé tirẹ̀ kò parọ́, síbẹ̀ kò sọ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ Zilog gbé e jáde, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí chip oníbíìtì 8 (bíìtì ni òdo tàbí oókan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà). Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí ya fọ́tò inú rẹ̀, tí wọ́n sì tọ ọ̀nà tí iná ń gbà níbẹ̀, wọ́n rí i pé bíìtì 4 péré ni apá tí ó ń ṣe ìṣirò lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ní kí ó ro nọ́ńbà méjì pọ̀, yóò kọ́kọ́ ro ìdajì ìsàlẹ̀, yóò fi èsì rẹ̀ pamọ́, lẹ́yìn náà ni yóò ro ìdajì òkè pẹ̀lú èyí tí ó gbé láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn kì í dá a dúró, nítorí pé bí ó ti ń mú àṣẹ tí ó kàn wá láti inú mẹ́mórì ni ó ń parí ìṣirò náà lọ́wọ́. Ní tèmi o, ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi ju agbára kọ̀ǹpútà òde òní lọ.

Masatoshi Shima, ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣe é, tún dẹ pàkúté sínú rẹ̀ de àwọn tí yóò fẹ́ dà á kọ. Ó fi àwọn transistor kan, àwọn ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí tí ń sé fún iná, síbẹ̀ tí ojú wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tí èròjà inú silicon wọn, ohun tí a fi ṣe chip, mú kí iná máa gba inú wọn kọjá nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá fọ́tò nìkan lọ, ẹ̀dà tirẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Chip tí a fi ike bò, ásíìdì gbígbóná ni wọ́n fi ń ṣí i, n kò sì jẹ́ dán irú rẹ̀ wò nínú yàrá tí mò ń sùn. EPROM, chip tí ó ń tọ́jú ohun tí a kọ sínú rẹ̀, ni mò ń wò ní tèmi, nítorí pé ó ní fèrèsé tí ìtànṣán ultraviolet ń gbà wọlé láti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Mo ṣí bébà orí ọ̀kan, mo tan iná sí i láti òkè lábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo sì rí àwọn ìlà mẹ́mórì tí wọ́n tò gbọọrọ, àti wáyà tín-ín-rín bí irun tí ó so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ chip náà.

Bí o bá rí Z80 oníséráámíìkì tí ó ní ìdérí irin lọ́hùn-ún, jọ̀wọ́ bá mi ra ọ̀kan, kódà bí ó ti kú. Ọ̀bẹ lásán lè ṣí irú èyí.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.