Ẹ Má Ta Lẹ́tà Ìyá Yín fún Alákàrà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, níbi tí ìyá mi ti tajà kí n tó jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà àwọn oníṣòwò ni mo bá wá.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ sí Tulsa, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, tí mo lọ bá a wẹ ọmọ. Ìpínlẹ̀ yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn Cherokee, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, dà sí nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ baba wọn ní Georgia àti Tennessee. Lálaalẹ́, bí ọmọ tuntun bá ti sùn, ọmọ mi á ṣí ìwé ńlá méjì tó yá ní láíbìrì, á máa túmọ̀ wọn fún mi. Lẹ́tà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Ross ló kún inú wọn. Yunifásítì Oklahoma ló tẹ̀ wọ́n jáde lọ́dún 1985.

Olórí àwọn Cherokee ni gbogbo ayé mọ Ross sí, láti 1828 títí tó fi kú ní 1866. Èmi rí ọlọ́jà nínú rẹ̀. Kó tó joyè kankan, ilé ìtajà ló ní létí odò Tennessee. Ross's Landing ni wọ́n ń pe èbúté rẹ̀, ibẹ̀ ló di ìlú Chattanooga lónìí. Nígbà tí wọ́n dá ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní Rossville ní 1817, òun náà ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ẹni tó ń tajà, tí lẹ́tà gbogbo àdúgbò tún ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi ìwé ṣeré. Àwa tí a ń ta àwìn mọ ìdí rẹ̀. Bí o bá ní orí rẹ lo fẹ́ fi pa gbogbo rẹ̀ mọ́, oníbàárà á yọ méjì kúrò níbẹ̀.

Lẹ́tà kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ní 1838, àwọn ṣọ́jà Ọ̀gágun Winfield Scott ti kó àwọn Cherokee kúrò nílé wọn lọ sí àgọ́, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àwọn àgbà ìlú wá bẹ̀bẹ̀ pé bí àwọn yóò bá kúkú lọ, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fúnra àwọn darí ìrìn náà. Ross jókòó, ó ṣírò bí ọlọ́jà: oúnjẹ, kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹṣin àti oúnjẹ ẹṣin, fún ọgọ́rin ọjọ́. Ó já sí dọ́là 65 àti sẹ́ńtì 88 lórí ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kọ̀wé pé àwọn ti gbàgbé ọṣẹ, kí wọ́n bá àwọn fi ọṣẹ kún un.

Ọṣẹ! Ọmọ mi dákẹ́, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀. Ilé ti lọ, oko ti lọ, ẹnì kan ṣì rántí pé àwọn ìyá á fẹ́ fọ aṣọ ọmọ lójú ọ̀nà. Andrew Jackson, tí kì í ṣe ààrẹ mọ́ nígbà náà, bínú pé owó náà ti pọ̀ jù. Àwọn kan sì kùn, nítorí Lewis Ross, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n gbé iṣẹ́ oúnjẹ ojú ọ̀nà fún. Èmi ò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n kùn. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nínú nǹkan bí 16,000 ènìyàn tí wọ́n lé, nǹkan bí 4,000 ló kú. Quatie, ìyàwó Ross, wà lára wọn. Little Rock ló kú sí, ní oṣù kejì ọdún 1839.

Ṣáájú èyí, ní 1835, Ross ti Washington dé, ó bá ẹlòmíì nínú ilé rẹ̀ ní Georgia. Ìjọba Georgia ti fi lọ́tìrì pín in fún ẹni yẹn. Yàrá méjì ni wọ́n há ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó kó wọn lọ sí Tennessee. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Georgia rékọjá ààlà lóru, wọ́n mú un pẹ̀lú àlejò rẹ̀ John Howard Payne, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó ìwé wọn lọ. Ìwé o, ẹ̀yin ará mi. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìwé ìròyìn Cherokee Phoenix lọ, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1828, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè wọn, pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì tí Sequoyah, ọmọ Cherokee bíi tiwọn, ṣe fún wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Phoenix kọ́kọ́ jáde ni Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, tó jáde níhìn-ín, ní Abẹ́òkúta, ní 1859. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ó dùn mí bí ẹni pé tiwa ni wọ́n gbé.

Ibì kan wà tí mi ò ní fi bò. Ẹrú dúdú 19 ni ìwé ìkànìyàn 1835 kọ sí orúkọ Ross. Wọ́n bá àwọn Cherokee rin ọ̀nà yẹn náà, ìyà wọn sì ju ti ọ̀gá wọn lọ. Ìwé tó gbèjà àwọn Cherokee kò yà kúrò lára ìwé tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ọmọ ènìyàn ṣe. Ẹni tó bá sun ọ̀kan ti sun èkejì.

Àwọn lẹ́tà ìfẹ́ sì tún wà níbẹ̀. Ní 1844, Ross ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń kọ̀wé sí Mary Stapler, ọ̀dọ́bìnrin ará Delaware, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọmọ mi fẹ́ fò ó, mo ní kó kà á. Ọwọ́ tó ka iye kẹ̀kẹ́ ẹrù náà ló kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa. Ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní àpótí lẹ́tà, ó fi kánfọ̀ sí i. Láti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ti wá, àwọn Yorùbá tó ń gbé Kumasi kí ìjọba Gánà tó ní kí wọ́n máa lọ sílé ní 1969. Bó bá ti rí bí wọ́n ṣe ṣẹ́ ìwé kan, á dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní kí ilé lè láyè, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ tà fún àwọn tó ń ra bébà. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ra àkàrà ní oríta, mo tú u, mo rí ìwé ọwọ́ lábẹ́ rẹ̀: ogún aṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, méjì nínú wọn ṣí àró, owó tó kù... Ibẹ̀ ni òróró ti mu ún. Mo sáré padà sọ́dọ̀ alákàrà. Ó ti lo ìyókù tán.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé kan lóṣooṣù, kí àwọn tí ìwé ọjà ìyá tàbí bàbá wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an. Kí ẹni tó bá ní àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣí i lọ́sẹ̀ yìí, kí òkú ọ̀fọ̀ míì tó ṣẹ̀. Mo fi àwòrán tèmi sínú lẹ́tà yìí, ọmọ-ọmọ mi ló bá mi yà á. Òróró ti ba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá mi ṣì hàn lókè.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aládìrẹ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta