Kí o tó ta míkísà náà

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọ̀rọ̀ míkísà, ẹ̀rọ tí o fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí o bá mi sọ lórí fóònù ni mo fi ń kọ̀wé yìí. O ní ẹnìkan fẹ́ san ₦2,500,000 fún un ní ìparí oṣù kẹfà 2025 yìí, pé owó ọjà oṣù náà yóò sì ga gan-an. Jọ̀wọ́, má da owó yẹn pọ̀ mọ́ owó búrẹ́dì. Búrẹ́dì ni ò ń tà, o kì í ta ẹ̀rọ. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, ìwé rẹ yóò máa sọ pé ọjà yá ju bó ṣe yá lọ, ìwọ náà yóò sì tìtorí ẹ̀ ra àpò ìyẹ̀fun tí o kò ní rí tà.

Iye tí ẹ̀rọ náà kù nínú ìwé ni kí o kọ́kọ́ wá, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù nínú iye rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tó ti gbó. Mú bébà kí a jọ ṣe é.

Lọ́dún 2022, ₦3,600,000 ni o san fún ẹni tó tà á fún ọ l'Ékòó. Ọkọ̀ tó gbé e wá sí Ìbàdàn gba ₦150,000. Kọnkéré tí wọ́n gbé e lé àti iṣẹ́ iná jẹ́ ₦250,000. Àròpọ̀ rẹ̀, ₦4,000,000, ni iye míkísà, kì í ṣe ₦3,600,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ owó ọkọ̀ àti owó oníṣẹ́ iná mọ́ ìnáwó oṣù. Àṣìṣe ni. Ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú ọkọ̀, tí kò tíì rí iná, kò lè po ìyẹ̀fun; gbogbo ohun tó gbé e dé ipò iṣẹ́ jẹ́ ara iye rẹ̀. Bíárìnì, bẹ́líìtì àti gírísì tí o ń rà lẹ́yìn ìgbà náà ni ìnáwó oṣù.

A fojú bù ú pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 6, àti pé bó bá gbó tán, a ó rí ₦400,000 lórí rẹ̀. Yọ ìyẹn kúrò nínú ₦4,000,000, ó ku ₦3,600,000. Pín in sí ọ̀nà 6: ₦600,000 lọ́dún, ₦50,000 lóṣù. Owó gbígbó ẹ̀rọ nìyẹn, òun ni àwọn akáúńtáǹtì ń pè ní depreciation. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2022 ni ẹ̀rọ náà ti wà ní sẹpẹ́, nítorí náà oṣù 8 ni tọdún yẹn, ₦400,000. Ọdún 2023, ₦600,000. Ọdún 2024, ₦600,000. Oṣù 6 inú 2025, ₦300,000. Má ṣe fo oṣù tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ nítorí pé ìyẹ̀fun wọ́n. Bó ṣe dúró lásán yẹn náà, ó ń gbó. Àpapọ̀ owó gbígbó jẹ́ ₦1,900,000, iye tó kù nínú ìwé sì jẹ́ ₦2,100,000.

Ọkọ̀ tí o fi ń pín búrẹ́dì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ máa ń já wálẹ̀ gan-an ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò rọra máa lọ. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó kù ni kí o máa yọ lọ́dọọdún: ọkọ̀ ₦8,000,000 yóò di ₦6,000,000, yóò di ₦4,500,000, yóò di ₦3,375,000. Ọ̀nà tí o bá yàn ni kí o dúró tì. Bí o bá ń pààrọ̀ rẹ̀ nítorí kí èrè lè pọ̀ sí i, ara rẹ lò ń tàn.

Ó wá ku títà. Ṣí ojú ewé kan, kọ "Títa míkísà" sí i lókè. Ní apá dẹ́bíìtì, ìyẹn apá òsì, kọ ₦4,000,000 tí o yọ kúrò nínú ìwé ẹ̀rọ, àti ₦100,000 tí o ní o máa fún alágbàtà. Ní apá kírẹ́díìtì, ìyẹn apá ọ̀tún, kọ owó gbígbó ₦1,900,000 àti ₦2,500,000 tí ẹni náà san. Ọ̀kan jẹ́ ₦4,100,000, èkejì ₦4,400,000. Ìyàtọ̀ ₦300,000 ni èrè rẹ, ìlà tirẹ̀ ló sì ní, kò sí nínú owó ọjà. Ibi tí èèyàn ti sábà máa ń kọsẹ̀ ni owó gbígbó: wọ́n á yọ ẹ̀rọ kúrò, wọ́n á gbàgbé ₦1,900,000 yẹn sínú ìwé, yóò sì máa jẹ́ gbígbó ẹ̀rọ tí kò sí mọ́.

Ká ní ₦1,800,000 péré lo rí, tí kò sì sí alágbàtà, àdánù ₦300,000 ni. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Ohun tó ń sọ ni pé owó gbígbó tí à ń yọ lọ́dọọdún kéré jù, kí a tún ojú wo ti àwọn ẹ̀rọ tó kù. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń ta míkísà tuntun fún ọ ní ₦9,000,000 ló gba ti àtijọ́ ní ₦2,500,000, tí o fi ₦6,500,000 lé e, ₦9,000,000 ni kí o kọ fún tuntun.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí, ọmọ mi: ₦50,000 oṣooṣù yẹn, inú ìwé nìkan ló wà. Kò sí ẹni tó bá ọ kó o sí báńkì. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ni owó ẹ̀rọ òkè òkun ti fò sókè, nítorí náà bí o tilẹ̀ tọ́jú gbogbo owó gbígbó yẹn, kò ní ra irú rẹ̀. Ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ní gbogbo oṣù kìíní, béèrè iye tí wọ́n ń ta míkísà tuntun, kí o fi ìyẹn ṣírò ohun tí o máa tọ́jú lóṣù, kí o tó yọ owó tìrẹ.

Ti owó orí: àwọn agbowó-orí kì í gba owó gbígbó tí ìwọ fúnra rẹ ṣírò. Wọn yóò dá a padà sórí èrè, wọn yóò sì fún ọ ní capital allowance dípò rẹ̀, ìyẹn iye tí òfin owó orí gbà kí o yọ lórí ẹ̀rọ. Fi rìsíìtì 2022 àti ìwé títà ránṣẹ́ sí akáúńtáǹtì rẹ, torí pé títà yìí kan ìṣirò tiwọn náà.

Kí ọkùnrin náà tó gbé ẹ̀rọ lọ, ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé dúkìá pẹ̀lú ọjọ́ tí o tà á, kí o sì fi ojú ewé "Títa míkísà" ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ń retí rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ