Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ẹ Má Tẹ̀lé Ọ̀rẹ́ Wọ Ihò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọmọ àbúrò mi kan ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń rákò jáde nínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n ń wọ́ àpò èédú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ wo àwọn tí kò ní ọ̀gá." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè é wá sídìí ihò góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà.

Mo mọ ilẹ̀ tó wà nínú fídíò yẹn. Kyrgyzstan ni, orílẹ̀-èdè kan láàárín Asia. Frunze, olú ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bishkek lónìí, ni mo ti kàwé, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Soviet. Òkè ló gba ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ilẹ̀ wọn, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Èédú tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí àwọn alágbàdo fi ń sun àgbàdo. Òkúta dúdú ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá, òun ni wọ́n ń kó sínú ààrò kí ilé lè móoru.

Láti ọdún 1868 ni wọ́n ti ń wa èédú ní ìlú Sulyukta níbẹ̀. Nígbà tiwa, kùsà ló ń bọ́ àwọn ìlú bíi Kok-Yangak àti Tash-Kumyr. Soviet tú ká ní 1991, owó gbẹ, wọ́n ń ti kùsà pa. Òtútù ò bá wọn tì. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá mú dígà, ṣọ́bìrì àti tọ́ọ̀ṣì, ó padà sínú ihò tí wọ́n ti pa tì. Ihò òmíràn há débi pé ọmọdé ni ara rẹ̀ gbà á. Mi ò lè bú wọn. Ta ni yóò máa wo ọmọ tó ń gbọ̀n nínú ilé?

Ṣùgbọ́n fídíò kì í ya afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa kó wa lọ sẹ́nu kùsà àtijọ́ kan. Ó tan fìtílà awakùsà, èyí tí wọ́n fi wáyà wẹ́wẹ́ bo iná rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì jìn tó ìdúró ènìyàn méjì tí iná fi rẹlẹ̀, tó sì kú. Ó fà á sókè, ó tún un tàn, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibi kan náà ló kú sí. Kò sí èéfín, kò sí òórùn. Ó wò wá, ó ká okùn rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé mí ló pa iná yẹn, ó máa ń dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ bí omi. Methane, gáàsì tó ń gbiná tó máa ń jáde lára èédú, ní tirẹ̀ a máa rọ̀ mọ́ àjà. Bó bá ti wọ ìdá márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná ṣáná lásán tó láti bú u gbàù. Àwọn mìíràn tún ń gé òpó èédú tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ kó gbé àjà ró, nítorí ó yá gé. Ọgbọ́n burúkú nìyẹn.

Ihò góòlù kì í sábà ní methane, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ búburú wà níbẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n gbé ẹ̀rọ afami tó ń jẹ epo sínú ihò, ẹ kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tó ń pani láìrùn.

Èyí tó wúwo jù rèé. Ẹni kan ṣubú nínú ihò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré wọlé láti gbé e, òun náà ṣubú lé e lórí, ẹnì kẹta tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í fi ẹlẹgbẹ́ ẹni sílẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹ má wọlé. Okùn ni kí ó ti wà lára ẹni tó ń wọ ihò kó tó wọ̀ ọ́, kí ẹ lè fà á láti òkè.

Ìwọ ọmọ àbúrò mi, pè mí kí o tó wọ ọkọ̀. Mi ò tíì fi fídíò yẹn han ìyá rẹ.