Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì nípa Àbúrò Mi

Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀.
12 oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Òtútù Kánádà ti ń wọlé bọ̀ nìyẹn, kí Ẹlẹ́dàá máa ṣọ́ gbogbo yín.

Inú bí ọ nígbà tó o pè mí kẹ́yìn. O ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo pe àbúrò mi tí kò gbé e, bẹ́ẹ̀ o ń rí i lórí WhatsApp títí di aago méjì òru. O ní ṣé ó ti wá di ẹni ńlá ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé. Kò rí ọ fín. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ̀rù ojú èèyàn ni. O rántí bó ṣe máa ń sá sẹ́yìn ìró Màámi bí wọ́n bá ní kó wá dọ̀bálẹ̀ kí àlejò? À ń fi í rẹ́rìn-ín, a ní onítìjú ọmọ. Ó bá ìtìjú yẹn dàgbà ni. Nígbà tó wọ yunifásítì tí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, ó ní àyà òun ń lù kì kì kì, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun ò gbọ́ ohun tí òun ń sọ mọ́, àfi ohun tí òun rò pé wọ́n ń rò nípa òun. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti di ìró Màámi.

Bó bá fẹ́ jáde tí àwọn àgbà jókòó síwájú ilé, á gbé fóònù sétí bí ẹni tí wọ́n ń pè. Kò sẹ́ni tó pè é. Á mi orí sí wọn, á kọjá, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì, kò lè sọ "Ó wà o!" kí dírẹ́bà dúró. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí òun ti kọjá ibi tí òun fẹ́ bọ́ sí ní Lágere, tí òun wá fẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn. Lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, ìlù ń dún láti Ẹnuwá wọnú yàrá, gbogbo ilé ti jáde lọ wo Ọọ̀ni, òun dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo Ọlọ́jọ́ kan náà lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ojú ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀dọ́kùnrin tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, yàhúù ló ń ṣe. Ó dun Bàbá wọra. Wọ́n gba fóònù, wọ́n tì í mọ́ àpótí fún ọ̀sẹ̀ méjì. A rò pé ọmọ á jáde sáàárín ẹgbẹ́ ni. Kò tilẹ̀ lọ sí kíláàsì mọ́! Kò ní ohun tó máa tẹjú mọ́ lójú ọ̀nà, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti ń sọ yàrá tí wọ́n máa lò, kò lè bi ẹnikẹ́ni. Ìdánwò kan kọjá lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ibi tó ń sá sí la gbà lọ́wọ́ rẹ̀, a ò tíì béèrè ohun tó ń lé e.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tọ́jú irú nǹkan báyìí ní ilé ìwòsàn. Ó ní ẹ̀rù yìí ní orúkọ, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn láti 1980, ìgbà ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti fóònù yàtọ̀. Bárakú géèmù wà nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ti fóònù kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ó fún un ní ìbéèrè 10 tí àwọn olùwádìí Kòríà gbé jáde ní 2013 láti fi mọ bí fóònù ṣe di bárakú fún èèyàn tó: iṣẹ́ tí kò ṣe nítorí fóònù, ọrùn tó ń ro ó, bóyá ó lè fara da kí fóònù má sí lọ́wọ́. Ó ní àwọn tó wádìí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ẹ̀rù yìí àti bárakú fóònù máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni púpọ̀ nínú wọn bi àwọn ọmọ náà, wọn ò lè sọ èyí tó ṣáájú. Èmi mọ èyí tó ṣáájú nínú àbúrò mi. Mo rí i lẹ́yìn ìró Màámi.

Obìnrin náà ní ẹ̀rù máa ń ga, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá dúró. Àbúrò mi kì í dúró. Bó bá ti yọ fóònù, ara á tù ú lójú ẹsẹ̀, á gbà pé fóònù ló kó òun yọ, ọjọ́ kejì ẹ̀rù á tún le sí i. A máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó sá fún ojú kò ní rí i pé ojú náà ń rẹ́rìn-ín sí òun.

Obìnrin náà kò ní ká gba fóònù o. Ó ní kó fi sápò, kó lọ ra àkàrà ní ìkóríta wa, kó wo ojú ìyá alákàrà, kó bi í bóyá ó gbóná. Ìyẹn nìkan! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kọjá níwájú agbada, ó padà wálé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé àkàrà wọlé, òógùn bò ó. Màámi sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó sọ "Ó wà o!" nínú bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ò gbọ́, ó tún un sọ.

Kò tíì bọ́ tán. Kì í sùn bọ̀rọ̀, wọ́n sì ti ní kó sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìsinsìnyí.

Jọ̀ọ́, má pè é ní fídíò. Kọ̀wé sí i ṣáájú, sọ aago tí wàá pè, kó o wá pè é ní Sátidé. Bí kò bá gbé e, fi jì í, tún pè é lọ́sẹ̀ kejì. Ó ti ń bi mí kí ni òun máa kọ́kọ́ bá ọ sọ. Mo ní kó béèrè àwọn ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjíkẹ́.