Ìlà Tí Ojú Mi Fò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní iṣẹ́ Sátánì ni àwọn Bíbélì tuntun, pé ńṣe ni wọ́n ń yọ ẹsẹ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ìwé náà yóò fi tán mọ́ wa lọ́wọ́. Ǹ bá má dá sí i. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀ ní kíláàsì Bíbélì wa ní Kubwa níbí, ó sì kan iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógójì ṣe jẹun.

Kọ̀ǹpósítọ̀ ni mí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, àwa là ń ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí rẹ̀, tí a ó máa tò ó sínú irin kékeré tó wà lọ́wọ́ òsì wa. Orí lẹ́tà á kọ sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ á yí padà bí ìgbà téèyàn ń wò ó nínú dígí, a ó sì máa kà á bẹ́ẹ̀. Kàdúná ni mo ti kọ́ ọ ní 1976, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Ọ̀fà, tó máa ń fi rúlà gbá wa lọ́wọ́ bí a bá gbàgbé àmì ohùn.

Ní oṣù tó kọjá, Máàkù orí 16 la ń kà. Ọmọbìnrin kan, àgùnbánirọ̀, nawọ́ sókè pé nínú Bíbélì tó wà lórí fóònù òun, wọ́n fi ìlà gé orí náà lẹ́yìn ẹsẹ 8, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó lọ́jọ́ lórí jù kò ní ẹsẹ 9 sí 20. Ó béèrè pé kí ló fà á. Tíṣà wa ní, "Pa fóònù yẹn. Bíbélì ayédèrú nìyẹn." Ọmọ náà jókòó, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, mo sì sọ pé kò parọ́. Tíṣà wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà?" Ó fi kún un pé òun kì í túmọ̀, pé ohun tó wà nílẹ̀ ni òun ń kà. Yorùbá ló sì fi ń kà á! Láti ọjọ́ náà a ò rí ọmọ náà mọ́.

Ìwé àfọwọ́kọ méjì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé jù: ọ̀kan tí wọ́n rí ní ilé àwọn mọ́ńkì ní òkè Sínáì, èkejì wà ní Vatican. Àwọn méjèèjì ti lé ní 1,600 ọdún. Ibi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò ní ibojì tí ẹ̀rù sì bà wọ́n ni Máàkù parí sí nínú wọn. Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn ẹsẹ yòókù lẹ̀ ẹ́ lánàá o, nítorí Irenaeus tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Lyon ti fa ẹsẹ 19 yọ kí ọdún 200 tó pé. Ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ gbígbé ejò àti mímu oró wà. Àwọn ìjọ kan ní Amẹ́ríkà ń gbé ejò tòótọ́ nítorí ẹsẹ 18, ejò sì ti bu àwọn kan pa nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ejò, ó yẹ kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ojú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní 1983 mo to ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan. Orúkọ àwọn ọmọ wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ń gbé. Ọmọ kẹta, Kàdúná. Ọmọ kẹrin, Kàdúná. Mo to ti ẹ̀kẹta tán, mo bojú wo àpótí láti ṣa lẹ́tà, nígbà tí mo padà sórí ìwé, Kàdúná ti ìlà kẹrin ni ojú mi bà lé. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo dé, mo bá bọ́ sórí ọmọ karùn-ún. Èmi fúnra mi ni mo ka púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ láti yẹ àṣìṣe wò, mi ò rí nǹkan kan, torí ìlà téèyàn bá fò kì í fi ihò sílẹ̀. A tẹ 300 ẹ̀dà. Obìnrin tí mo fò yẹn gan-an ló ra màlúù.

Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sin mí mọ́ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé bàbá náà ò kú, tàbí pé obìnrin náà kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀ pé mo fo ìlà? Wọ́n mú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ wá, a fi méjèèjì síra. Ohun tí àwọn tó ń yẹ Bíbélì àtijọ́ wò náà ń ṣe nìyẹn, wọ́n ń fi ìwé síra. Àwọn akọ̀wé ayé ọjọ́un fo ìlà bíi tèmi, ó sì ṣẹlẹ̀ pé ohun tẹ́nì kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé wọnú ìwé. Irú èyí náà ló jọ pé ó bá 1 Jòhánù 5:7, ti Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí tó ń jẹ́rìí ní ọ̀run: Erasmus, ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù, kò fi sí Májẹ̀mú Tuntun ti Gíríìkì tó tẹ̀ ní 1516 àti 1519, ìgbà tí wọ́n gbé ìwé kan tó ní i wá ló tó fi sí ti 1522.

Ẹ̀rọ gan-an kò gbani. Ní 1631 ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Barker àti Martin Lucas tẹ Bíbélì kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo já bọ́ nínú òfin nípa panṣágà, ìwé mímọ́ wá ń pàṣẹ pé kéèyàn lọ ṣe é. Wọ́n bu ìtanràn 300 pọ́n-ùn lé wọn. Ní èdè tiwa, "kò" lásán ni ì bá já bọ́, lẹ́tà méjì. Mo máa ń ronú kan kọ̀ǹpósítọ̀ yẹn.

Tíṣà ní bí a bá ń sọ èyí, kí ló kù? Ohun tó kù pọ̀. Ní 1947 àwọn darandaran rí ìwé nínú ihò àpáta ní Qumran lẹ́bàá Òkun Iyọ̀. Ìwé Aísáyà tó wà níbẹ̀ fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́jọ́ lórí ju èyí tí wọ́n ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ní èdè Hébérù lọ. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n síra, ìyàtọ̀ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Aísáyà kan náà ni. Ẹgbẹ̀rún ọdún, pẹ̀lú ọwọ́ àti iná fìtílà! Èmi kò lè to ojú ewé ogún kí n má ṣi nǹkan.

Ti ìtumọ̀ ńkọ́? Bíbélì Yorùbá odindi jáde ní 1884, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Hausa máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ní mò ń lọ fún àdúrà àti ìwàásù, torí addu'a àti wa'azi tirẹ̀ ló ń gbọ́. Àlùfáà, orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ń pe ọ̀mọ̀wé wọn, ni wọ́n fún Áárónì. Èṣù nìkan ni mo ṣì ń bá Bíṣọ́ọ̀bù jà lé lórí nínú ọkàn mi, nítorí Èṣù tí bàbá bàbá mi mọ̀ kì í ṣe Sátánì. Ẹnì kan ló jókòó, tó ro ó, tó sì yan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tó ń ka Yorùbá tó ní òun kì í túmọ̀, wọ́n ti bá a túmọ̀ kí wọ́n tó bí i.

Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá nọ́ńbà ọmọ náà. Bí ó bá ń ka ìwé ìròyìn yín, kó mọ̀ pé mo ń bọ̀ wá fi àwọn Bíbélì mi hàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọmọ tó máa tẹ lẹ́tà yìí kó ṣọ́ra níbi tí mo ti kọ Kàdúná léraléra. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Kọ̀ǹpósítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Kubwa, Abuja.